Àkọ́bí Di Méjì

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fo òun. Ṣé ara yín le? Ṣé ikọ́ tó ń ṣe èyí àbíkẹ́yìn ti lọ pátápátá? Tiwa dára níhìn-ín. Orúnkún mi ṣì ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n ó ń gbé mi dé ibi tí mo bá ń lọ. Fún ìwọ̀nba tí mo ń ná lé e lórí, mi ò lè ní kó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

O mọ̀ pé lẹ́tà gígùn kì í ṣe ìwà mi. Ìwọ lo sọ mí ní Akápò nígbà tí a wà ní kékeré, torí pé mo máa ń ka igi ìṣáná inú páálí kí n tó kúrò níwájú ẹni tó tà á fún mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kọjá ohun tí a ń sọ lórí fóònù. Mo ra ìwé tuntun nítorí rẹ̀, mo sì ti pinnu pé n ó kọ ọ́ lójú àti lẹ́yìn.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn jù. Búrẹ́dì wa ti tún ń wú! Ó ń wú débi pé ó ń ti àwo tí a fi bo páànù sókè, bí ọmọ tó fẹ́ yọjú wo àlejò. Ìgò tí o fi rán awakọ̀ tó ń kó ìyẹ̀fun wá ló ṣe é. O rántí pé mo ní kí o bu díẹ̀ nínú ìwúkàrà rẹ sínú ìgò, kí o má sì bi mí ní ìdí. O ò bi mí. Mo dúpẹ́ gan-an. Ìdí rẹ̀ rèé.

Ó tó oṣù mẹ́ta tí búrẹ́dì wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti wú. A po ìyẹ̀fun, a dúró, a tún dúró, ó kàn jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Tó bá wọ ààrò, ó ń jáde bí bíríkì. Obìnrin kan tó ti ń rà lọ́wọ́ wa láti ọjọ́ pípẹ́ gbé ọ̀kan lé orí tábìlì, ó fi ìka kàn án, kọ̀ọ́, kọ̀ọ́, kọ̀ọ́, ó ní, “Àgò o! Ṣé ẹnikẹ́ni wà nílé?” Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá apòyẹ̀fun wa, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, bá mi sọ̀rọ̀ létí pé, “Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ ká lọ bá àwọn tó ń kọ́lé sọ̀rọ̀. Wọn ò ní dá èyí padà láéláé.”

Ohun tó wá rú wa lójú ni pé Àkọ́bí fúnra rẹ̀ kò ṣàìsàn. O ò lè ti gbàgbé pé orúkọ tí màmá ń pe ìkòkò ìwúkàrà wọn nìyẹn, torí pé wọ́n ti po ìyẹ̀fun àti omi sínú rẹ̀, tí ó ti kan, tí ó sì ti ń hó, ní odidi ọdún kan kí wọ́n tó bí mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde nínú àwa ọmọ, ìkòkò ló gba oyè. Bí a bá ṣí ọmọrí rẹ̀, yóò máa hó, yóò máa yọ ìfófó, inú rẹ̀ á máa dùn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti bù ú sínú ìyẹ̀fun búrẹ́dì báyìí, oorun dé.

Ọkọ mi, tí òun ló ń fi ọkọ̀ pín búrẹ́dì, tí ẹ̀gàn àwọn oníṣọ́ọ̀bù sì ń bá ní ojú ọ̀nà, sọ pé kí á máa ra ìwúkàrà inú pákẹ́ẹ̀tì bíi ti gbogbo ayé. Mo ṣírò rẹ̀. Kò wọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́n ju ọ̀fẹ́ lọ, Àkọ́bí kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa rí. Síbẹ̀, kì í ṣe owó ló dá mi dúró lọ́tẹ̀ yìí. Màmá ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ pákẹ́ẹ̀tì yẹn, wọ́n bọ́ aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n gbé e lé orí àga. Wọ́n ní, “Àkọ́bí ti gbó. Èmi náà ti gbó. Kí á jọ sinmi.”

Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti fọwọ́ kan ìyẹ̀fun mọ́. Ọ̀sán nìkan, nígbà tí iṣẹ́ bá ti dá, ni wọ́n máa ń wọ ilé búrẹ́dì wá bọ́ ìkòkò wọn, wọ́n á sì padà lọ jókòó. Oúnjẹ wọn di ti ẹyẹ. Tí mo bá bá wọn ṣàwàdà, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu, bí ẹni tó ń ṣe mí lóore. Àbúrò mi, ẹ̀rù bà mí. Mo rí i pé bí ìkòkò yẹn bá kú, nǹkan kan nínú màmá máa bá a lọ, ìṣirò mi kankan ò sì lè mú un padà.

Láàárín àkókò náà ni ṣúgà wa tún ń dín kù. Ìwọ náà mọ̀ mí. Mo mọ ibi tí ṣúgà dúró sí nínú àpò bí mo ṣe mọ ìka ọwọ́ mi. Mo kọ́kọ́ fura sí ọkọ mi. Mo dúró, mo ń wo ẹnu rẹ̀. Ó ní, “Akápò, tí o bá fẹ́ fi òṣùwọ̀n wọn ẹnu mi, mú un wá ká parí ẹ̀.” Mo yíjú sí bàbá apòyẹ̀fun. Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó búra pé bí òun bá jẹ ṣúgà yẹn, kí èèrà bo òun. Mo wo ọrùn rẹ̀ dáadáa. Kò sí èèrà kankan níbẹ̀.

Obìnrin kan wà ní òpópónà kejì sí tiwa tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń wo àwọn ohun alààyè tí ojú lásán kò lè rí. Ìgò kéékèèké kì í wọ́n nínú báàgì rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Onígò. Ìwúkàrà gan-an ni ìmọ̀ rẹ̀, òun sì ni oníbàárà kan ṣoṣo tí kò fi búrẹ́dì wa ṣe ẹlẹ́yà. Ó bu díẹ̀ nínú Àkọ́bí lọ. Nígbà tó padà wá, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí gbogbo wa wà ní ìjókòó, ó bi mí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ ń fún un jẹ?” Mo ní, “Ìyẹ̀fun àti omi. Kò sí nǹkan mìíràn.” Ni màmá bá wúkọ́ lórí àga wọn. Wọ́n ní, “Àti ṣúgà díẹ̀.”

Mo ní, “Màmá! Ẹ̀yin tí ẹ ń ka hóró ṣúgà fún àwa ọmọ yín?” Wọ́n ní, “Ẹ̀yin lẹ ní eyín tó lè bàjẹ́. Òun ò ní.” Wọ́n ní ó rẹ Àkọ́bí, ó ti ṣiṣẹ́ ju ọjọ́ orí mi lọ, ẹnikẹ́ni ò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fún un ní omi ṣúgà lọ́sàn-án, láti nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, ìyẹ̀fun fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé ibẹ̀ mọ́. Bàbá apòyẹ̀fun dìde, ó kọjú sí mi, ó ní, “Ọ̀gá mi, mo ń dúró de ẹ̀bẹ̀ yín.” Mo bẹ̀ ẹ́. Ọkọ mi náà ní kí n má gbàgbé òun.

Onígò kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ńṣe ni ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ẹni tó rí kọ́kọ́rọ́ tó sọnù. Ó fa àga súnmọ́ màmá, ó sì ṣàlàyé fún wọn, èmi náà sì ń gbọ́. Ó ní nínú ẹ̀dá ìwúkàrà kọ̀ọ̀kan, bó ti wù kó kéré tó, ìlànà wà fún ṣíṣe gbogbo irinṣẹ́ tó fi ń jẹun, tó fi ń dàgbà. Ìlànà irinṣẹ́ kan ni wọ́n ń pè ní jíìnì. Ṣùgbọ́n ìlànà kan náà lè ní ju ẹ̀dà ẹyọ kan lọ. Ó lè jẹ́ méjì, ó lè jẹ́ mẹ́wàá, bí ẹ̀dà bá sì ti pọ̀ tó ni irinṣẹ́ náà sábà máa ń pọ̀ tó. Ṣúgà tó wà nínú ìyẹ̀fun kò rí bíi ti inú àpò. Ó ní irinṣẹ́ tirẹ̀ tó máa gbà á wọlé, àti òmíràn tó máa gé e sí wẹ́wẹ́. Ìwúkàrà tó bá ní ẹ̀dà púpọ̀ fún irinṣẹ́ wọ̀nyí ló ń jẹ ìyẹ̀fun bí ẹni ń jẹ àkàrà, òun ló sì ń mú búrẹ́dì wú.

Màmá bi í pé ta ló wá jí irinṣẹ́ Àkọ́bí kó. Ó ní kò sẹ́ni tó jí i. Ó ní kí ẹ̀dá ìwúkàrà tó pín di méjì, ó gbọ́dọ̀ da gbogbo ìlànà rẹ̀ kọ, ẹni tó bá sì ń dàwé kọ láìsinmi, lọ́jọ́ kan á kọ ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mejì, lọ́jọ́ mìíràn á fo ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ kan á fi ní ẹ̀dà tó lé, tí òmíràn á ní èyí tó dín. Nígbà tó jẹ́ ìyẹ̀fun nìkan ni wọ́n ń jẹ, àwọn tó ní púpọ̀ ló ń yára bímọ, àwọn ló gba ìkòkò. Nígbà tí ṣúgà dé, tí kò béèrè irinṣẹ́ yẹn rárá, àwọn tó ní díẹ̀ ló ń yára, torí pé ẹrù wọn fúyẹ́. Ẹnikẹ́ni kò yan ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ ló yàn wọ́n.

Àbúrò mi, èyí yé mi ju bí ó ti rò lọ. Mo ti rò pé ohun tí a bá ní púpọ̀ rẹ̀ èrè ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí kò níṣẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ̀dá náà á máa dà á kọ, á máa fi agbára rẹ̀ ṣe irinṣẹ́ tó kàn ń jókòó. Bí a bá gba apòyẹ̀fun mẹ́jọ síṣẹ́, tí búrẹ́dì wa sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni méjì, ṣé o rò pé mẹ́fà yòókù máa wà níbẹ̀ kí oṣù tó parí? Kí n tiẹ̀ sọ òótọ́, mẹ́fà yẹn ò ní jẹ oúnjẹ ọ̀sán níbẹ̀.

Mo wá bi í pé, tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a ò kúkú wá èyí tó ní ogún ẹ̀dà, kí búrẹ́dì wa wú kan òrùlé? Ó bi mí padà pé ǹjẹ́ a ti ra ààrò kejì rí. Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín kí n tó dáhùn. O rántí ọdún yẹn: ààrò di méjì, tábìlì jẹ́ ẹyọ kan, ọwọ́ tó ń po ìyẹ̀fun kò lé, afẹ́fẹ́ la ń yan lọ́fẹ̀ẹ́, igi sì ń tán. Onígò ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nínú ìwúkàrà. Èyí tó ń gba ṣúgà wọlé àti èyí tó ń gé e gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n ara wọn. Bí ti ẹnu ọ̀nà bá pọ̀ jù, ṣúgà á wọlé ju èyí tí ọ̀bẹ lè gé lọ, ẹ̀dá náà á sì kú sínú ọ̀pọ̀. Ó ní ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́pọ̀ ìgbà, ó sàn kí ohun gbogbo di ìlọ́po lẹ́ẹ̀kan náà ju kí ẹyọ kan pọ̀ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àlìkámà tí a fi ń ṣe ìyẹ̀fun yìí gan-an, odidi ìdì ìlànà mẹ́fà ló ń gbé kiri, nígbà tí èmi àti ìwọ ní méjì péré, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ màmá. Koríko mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bá ara wọn ṣe lóko láyé ọjọ́un, tí wọ́n kó ẹrù wọn jọ sí yàrá kan, tí ti ẹnìkan ò sì tẹ ti ẹnìkejì rì. Mo ti ń fi àlìkámà ṣòwò láti kékeré, mi ò mọ̀ pé ìdílé rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n màmá kò gbọ́ ti àlìkámà. Wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn. Wọ́n ní, “Èmi ni mo wá fi ìkẹ́ pa á.” Onígò ní kò kú, iṣẹ́ ló gbàgbé. Ó wá béèrè, láìmọ ohun tó ń fọwọ́ kàn, bóyá ẹnìkan wà níbì kan tó ti bu nínú Àkọ́bí kí ọ̀rọ̀ ṣúgà tó bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ mi wo òrùlé. Bàbá apòyẹ̀fun, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, rí iṣẹ́ ṣe lẹ́yìn ààrò. Ìwọ náà mọ ìdí. Ọdún mẹ́fà ni màmá ò fi dárúkọ rẹ nínú ilé yìí, láti òwúrọ̀ tí o bu ìdajì Àkọ́bí sínú agolo wàrà láìtọrọ, tí o sì gbé e lọ dá ilé búrẹ́dì tìrẹ sílẹ̀ ní ìlú ọkọ rẹ. Wọ́n ní, “Ẹni tó pín ìkòkò mi sí méjì, èmi ló pín.” Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá o wà láàyè, wọ́n á ní, “Àwọn ará ibẹ̀ yẹn ńkọ́?” Èmi á ní wọ́n wà. Wọ́n á ní, “Mo kàn ní kí n béèrè ni.” Wọn ò dé ilé rẹ rí. Ọmọ rẹ àbíkẹ́yìn ti ń sáré, wọn ò tíì gbé e.

Mo ti la ẹnu láti sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni, kí ọ̀rọ̀ má baà di wàhálà. Màmá ló ṣáájú mi. Wọn ò gbé orí sókè. Wọ́n ní, “Ẹnìkan wà.” Wọ́n wá ní, “Akápò, pè é.” Ọjọ́ yẹn ni mo pè ọ́.

Nígbà tí ìgò rẹ dé, tí a tú aṣọ ọmọ tí o fi wé e, màmá gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ṣí i, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n sì dì í mú síbẹ̀ títí tí mo fi fẹ́ máa bẹ̀rù. Wọ́n ní, “Àkọ́bí nìyí. Bó ṣe ń rùn nígbà tí ẹ wà ní kékeré nìyí.” Wọ́n lọ síbi àga, wọ́n gbé aṣọ iṣẹ́ wọn wọ̀. Àwọn fúnra wọn ló po ìyẹ̀fun ọjọ́ yẹn, bàbá apòyẹ̀fun kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ẹni tó ń ṣọ́ ọba. A bò ó, a dúró. Mo lọ wò ó, màmá lé mi. Ọkọ mi lọ wò ó, wọ́n lé e. Àwọn nìkan ló ń wò ó, wọn ò sì bìkítà fún ẹni tó ń wò wọ́n.

Ó wú! Ó kún páànù, ó kọjá etí rẹ̀, ó ń fì. Nígbà tí èyí àkọ́kọ́ jáde nínú ààrò, tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, màmá gé e gbígbóná, wọ́n sì jẹ ègé méjì láìfi nǹkan kan sí i. Mo kà á, torí pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jẹ méjì nǹkan kan. Ọkọ mi gbé búrẹ́dì lọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Obìnrin tó máa ń kan ilẹ̀kùn búrẹ́dì wa dé ní ìrọ̀lẹ́, ó fi ìka tẹ ọ̀kan, ó lọ sílẹ̀, ó tún dìde padà. Ó ní, “Ẹ káàbọ̀ o, onílé ti dé.”

Onígò gbé díẹ̀ nínú méjèèjì lọ, ó ka ẹ̀dà ìlànà náà. Ti ìkòkò màmá ku méjì. Tìrẹ jẹ́ mẹ́jọ pérépéré. Màmá bi mí pé kí ni ẹni yẹn ń fún un jẹ níbẹ̀. Mo ní, “Ìyẹ̀fun àti omi, bí ẹ ṣe kọ́ ọ.” Ni ẹ̀rín bá bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn wọn, irú èyí tí mi ò gbọ́ láti ìgbà tí bàbá wa ti kúrò láyé. Wọ́n ní, “Ẹ gbà mí! Èmi tí mo ṣòfin ni mo rú u. Olè ọmọ yẹn ló pa á mọ́.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di tábìlì mú, ìyẹ̀fun sì kún iwájú orí wọn.

Ní tèmi, mo ti gbé ìkòkò àtijọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé kí n dà á nù. Ìkòkò méjì tó ń jẹun, tí ẹyọ kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́, kò bá ìwé mi mu. Onígò ló dá mi dúró. Ó ní kí a kọ́kọ́ fi po búrẹ́dì aládùn, èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń rà, tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀. A pín ìyẹ̀fun sí ọ̀nà méjì. Èyí tí a fi ìgò rẹ pò ń falẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé lọ sí ìlú tí kò gbọ́ èdè wọn. Èyí tí a fi ìkòkò màmá pò wú, ó fúyẹ́, ó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Ní báyìí, ìkòkò méjèèjì níṣẹ́. Mo ti yọ ọ̀rọ̀ ìdànù kúrò ní ẹnu.

Onígò wá sọ nǹkan kan tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní bí ohun alààyè ṣe ń rí iṣẹ́ tuntun kọ́ láyé nìyẹn, lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ìlànà kan bá jẹ́ ẹyọ kan, kò láyè láti yí padà, torí pé bó bá yí, iṣẹ́ àtijọ́ bàjẹ́, ẹ̀dá náà sì lè kú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣèèṣì di méjì, ọ̀kan á dúró sídìí iṣẹ́, ọ̀kan á láyè láti ṣáko lọ wo ayé. Èyí tó lọ lè sọnù. Ó sì lè rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò. Ká ní Àkọ́bí jẹ́ ìkòkò kan ṣoṣo lọ́dún tó kọjá ni, ìkẹ́ màmá ì bá ti pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́ pátá, a ò sì ní mọ ibi tí a ti máa wá a. Èmi tí mo mọ ìṣirò, ọdún mẹ́fà ni mo fi ń bá màmá gbà pé ohun tí a bá pín ti dín. Mo kọ ọ́ sí ìlà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìsọdipúpọ̀ ni o ṣe.

Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní, “Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń sọ pé ó pín mi sí méjì…” Wọn ò parí rẹ̀. Wọ́n mú àkísà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì tí mo ti nù.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ rèé. Mi ò lè bá màmá sọ ohun tí wọn ò tíì sọ, mi ò sì ní purọ́ fún ọ pé wọ́n ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là. Kọ ìwé sí wọn, tàbí kí o pè wọ́n, kí o kàn béèrè bóyá búrẹ́dì ń wú. Má mẹ́nu kan agolo wàrà. Ọmọ ló ń kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún ìyá, bí ọmọ tilẹ̀ jàre.

Kí ààrò rẹ má tutù. Kí àwọn ọmọ rẹ dàgbà ṣojú rẹ, kí wọ́n gba ọ̀nà tiwọn, kí wọ́n sì mọ̀nà ilé. Kí ohun tí o bá fọwọ́ kàn máa lé, kí ó má dín. Kí ọkọ rẹ àti ìwọ máa mọ ìwọ̀n ara yín. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tí kò sì ṣahun jù láti sọ ọ́,

Akápò.

Àfikún: Mo fẹ́ máa fi itọ́ lẹ àpò ìwé yìí nígbà tí màmá wọlé, tí wọ́n bi mí pé ta ni mo ń kọ̀wé sí. Mo ní àwọn ará ibẹ̀ yẹn. Wọ́n ní, “Àwọn ará ibẹ̀ yẹn ò lórúkọ ni?” Wọ́n wá pe orúkọ rẹ, orúkọ tí àwọn nìkan máa ń pè ọ́ ní kékeré, wọ́n sì gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi; mo tọrọ rẹ̀ padà kí n lè fi èyí kún un. Wọ́n ní kí n má ra sítáǹpù, àwọn máa gbé e wá fúnra wọn. Nítorí náà, fi ohun tí mo kọ sókè pé kí o pè wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó fi ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́ wà níwájú rẹ. Mo sọ fún wọn pé kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ gbà níbẹ̀, ìwúkàrà rẹ ti wà nílé wa. Wọ́n ní rárá, Akápò ló tọrọ ìyẹn, àwọn kò tíì tọrọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ bu díẹ̀ nínú tìrẹ, àwọn sì fẹ́ kọ́kọ́ fi ẹnu ara wọn béèrè. Mo bẹ̀ ọ́, bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, má yára dá wọn lóhùn. Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán.